Àbọ̀ ìròyìn lórí ìbéèrè mi nípa WOMEX

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín nígbà náà bí ẹgbẹ́ jùjú wa ṣe lè múra sílẹ̀ fún WOMEX, ìpàdé ọjà orin àgbáyé tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣeré fún àwọn tó ń wá olórin, èyí tó wáyé ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kẹwàá 2024. A lọ, a sì bọ̀ láyọ̀.

Ẹni tó ní ká gé orin wa kúrú ló gbà wá là. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì mọ̀ wá: lóde àríyá, orin kan lè gba ìdajì wákàtí ká tó ki ẹni tó ń náwó tán. Níbẹ̀, ta ni yóò náwó? Àwọn tó ń yan olórin fún àjọ̀dún ló dúró síwájú wa. Wọ́n á gbọ́ orin kan tàbí méjì, wọ́n á sáré lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé orin tó dùn jù síwájú, tí gángan sì kọ́kọ́ dún kí gìtá tó wọlé.

Físà: ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Otútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ máa ń mú kí awọ ìlù dẹ̀, torí náà inú ilé ni kí ẹ fi gángan sí títí yóò fi kàn yín.

Ẹni tó béèrè nípa bí owó ṣe ń wọlé, ìmeèlì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn eré ló ń mú un wá. Àjọ̀dún kan ti dá wa lóhùn. A ṣì ń dúnàádúrà.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé. Ẹ ṣeun.