Ẹ̀yin tí ẹ ti lo FreeRTOS, kí ni ojú yín rí níbẹ̀rẹ̀?

Àkànní_STM: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ètò fún microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ), while(1) kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń yí po nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi báyìí ní láti máa ka sensor, kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ sójú screen, kí ó sì máa fi data ránṣẹ́ lórí Wi-Fi, láìjẹ́ kí ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. Wọ́n ní RTOS, ìyẹn ètò tí ń pín àsìkò ẹ̀rọ fún iṣẹ́ púpọ̀, irú FreeRTOS, ni kí n lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrírí yín.

Àṣàkẹ́_Wáyà: Bí o bá ti fi Arduino kọ ètò fún ESP32, microcontroller tí ó ní Wi-Fi, rí, o ti lo FreeRTOS láìmọ̀. Inú task kan, ìyẹn iṣẹ́ kan tí FreeRTOS ń darí, ni loop() rẹ ti ń ṣiṣẹ́, vTaskDelay tí ń mú task sùn sì ni delay() ń pè lábẹ́lẹ̀.

Dúródọlá: Stack ni tèmi, ìyẹn àyè ìrántí tí a yà sọ́tọ̀ fún task kọ̀ọ̀kan. A ń ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa ṣọ́ bátìrì inverter. Task kan ń ka folti, ó ń fi í sínú queue (ìlà tí data ń gbà láti task kan sí òmíràn), task kejì ń mú un níbẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sójú screen. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege, àfi ìgbà tí ọ̀gá wa ní kí screen má kọ 12 lásán mọ́, kí ó máa kọ 12.4. Láti ọjọ́ náà ni board ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ó ń jí fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe hardware ní iná ni kò dúró dáadáa, wọ́n pààrọ̀ capacitor, wọ́n tún jó àwọn ojú ìsopọ̀, ibi tí a wà náà ni a wà. Ìgbà tí a sọ configCHECK_FOR_STACK_OVERFLOW di 2, tí a sì kọ hook rẹ̀ (iṣẹ́ tí FreeRTOS ń pè bí stack bá kún), ni orúkọ task screen jáde gbangba. snprintf pẹ̀lú %f, tí ń sọ nọ́ńbà bíi 12.4 di ọ̀rọ̀, ló ń jẹ stack ju èyí tí a fún un lọ.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Áà, capacitor ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi lọ́dọ̀ tiwa náà!

Àṣàkẹ́_Wáyà: Àkànní, fi èyí sọ́kàn. Nínú FreeRTOS gan-an, word (byte mẹ́rin lórí STM32) ni xTaskCreate, àṣẹ tí ń dá task sílẹ̀, fi ń ka ìwọ̀n stack, ṣùgbọ́n byte ni ESP-IDF, àkójọ irinṣẹ́ ti ESP32, fi ń kà á. Ẹni tí ó bá kọ 512 lórí STM32 ti gba byte 2048. Bí ó bá kó ètò kan náà lọ sórí ESP32 láìyí i padà, byte 512 péré ló kù fún un. uxTaskGetStackHighWaterMark yóò sọ èyí tí task kò tíì fọwọ́ kàn rí fún ọ.

Bàbá_Firmware: Kí ni ẹ ń fi RTOS ṣe fún sensor kan àti screen kan? Láti ayé microcontroller PIC16 ni a ti ń fi interrupt (ìpè tí ń dá ètò dúró díẹ̀ kí ó ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú) àti while(1) ṣe iṣẹ́ tí ó ju èyí lọ, n kò sì gbọ́ ọ rí pé stack ẹnìkan kún.

Dúródọlá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Àyè mẹ́jọ péré ni stack PIC16 àtijọ́ ní, bí ó bá sì kún, ṣe ni ó ń kọ ti tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá_Firmware: O mú mi níbẹ̀. Síbẹ̀, priority, ìyẹn ipò tí a fún task kọ̀ọ̀kan, le ju stack lọ. Nígbà tí Pathfinder, ọkọ̀ òfurufú NASA, balẹ̀ sórí Mars lóṣù keje ọdún 1997, RTOS tí ń jẹ́ VxWorks ló wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tan. Task ojú ọjọ́, tí ipò rẹ̀ kéré, ló di mutex (kọ́kọ́rọ́ tí task kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan) mú. Task tí ń bójú tó bus (ọ̀nà tí data ń gbà láàárín àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ), tí ipò rẹ̀ ga, ń dúró dè é. Àwọn task àárín sì ń gba ẹ̀rọ mọ́ ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, kò ráyè parí kí ó tú mutex sílẹ̀. Nígbà tí task bus kò parí lásìkò, ètò tí ń ṣọ́ ọ tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà JPL ti NASA dá àṣìṣe náà sílẹ̀ lórí èkejì rẹ̀ tí ó wà láyé níbí, wọ́n sì fi àtúnṣe tí ó tan priority inheritance (kí task tí ó di mutex mú gba ipò èyí tí ń dúró dè é) ránṣẹ́ sí Mars.

Àkànní_STM: Binary semaphore, àmì tí task fi ń ṣe àfihàn fún ara wọn, tí mo fẹ́ fi ṣọ́ I2C (wáyà tí sensor wà lórí rẹ̀) ńkọ́?

Àṣàkẹ́_Wáyà: Mutex ni kí o lò, nítorí pé binary semaphore FreeRTOS kò ní priority inheritance rárá. Ṣùgbọ́n má ṣe gba mutex nínú interrupt. Semaphore tàbí queue tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ parí sí FromISR ni ti ibẹ̀.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Ẹ fẹ́ fi Mars lé ọmọ ọlọ́mọ sá. Ohun tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni tick, ìyẹn ìṣísẹ̀ aago tí FreeRTOS fi ń ka àsìkò. ESP-IDF máa ń ka tick 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí a kò bá yí i padà, nítorí náà pdMS_TO_TICKS(5), tí ń sọ millisecond 5 di tick, di òdo, task náà kò ní sùn rárá, watchdog (ètò tí ń ṣọ́ bóyá task kan gba ẹ̀rọ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́) yóò sì bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Bàbá_Firmware: Ẹ ò rí i? while(1) kò ní tick.

Àṣàkẹ́_Wáyà: Nígbà tí Wi-Fi bá ń wá router kiri nínú while(1) yín, Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa ka sensor?

Bàbá_Firmware: Timer interrupt ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kà á kí wọ́n tó bí ọ.