Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lẹ ṣe ń dá ọmọ yunifásítì tó máa lè lé quarterback ní NFL mọ̀?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìtìjú ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Lọ́dọọdún, tí draft NFL bá ti ń súnmọ́ lóṣù kẹrin, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń mú ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìpele-ìpele, àwa mẹ́jọ níbi iṣẹ́ mi máa ń dá owó jọ. Kálukú á mú pass rusher mẹ́ta (àwọn tó ń lé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) nínú àwọn ọmọ yunifásítì tó ń jáde, ẹni tí àwọn tiẹ̀ bá kó sack jọ jù lọ́dún àkọ́kọ́ ló lowó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń dá, mi ò tíì jẹ.

Ọgbọ́n tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí sack rẹ̀ bá pọ̀ jù ní yunifásítì ni mò ń mú. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo mú jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọdún fi parí. Ọmọ Mẹ́síkò kan tí tábìlì wa kángun síra ti sọ mí ní "Bàbá Zero". Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mo bá dàgbà ní Ṣàgámù. Ní ti Amẹ́ríkà yìí, mo mọ̀ pé sack ni kí wọ́n gbé quarterback ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni. Kí ló yẹ kí n máa wò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bàbá Zero 😂😂 Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná.

Kóòṣì, Maryland:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má dá Ọmọ Ìjẹ̀bú lóhùn. Àwọn tó ń dojú kọra níwájú ni mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ni mò ń sọ tàárọ̀-talẹ́.

Sack tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn, ó lè tàn yín jẹ. Ẹ wo Odafe Oweh. Ní 2020, eré méje ló gbá fún yunifásítì Penn State, kò ní sack kankan, òdo. Ẹgbẹ́ Ravens ṣì mú un ní ipò 31 ní 2021. Danielle Hunter náà, ọ̀kan àbọ̀ péré ló ní fún LSU ní 2014. Vikings mú un ní ìpele kẹta lọ́dún kejì, nígbà tó fi máa di 2018, ó ti ń kó 14.5 lọ́dún kan. Ẹ wá gbé Vernon Gholston sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó kó 14 fún Ohio State ní 2007, ara rẹ̀ dàbí ère tí wọ́n gbẹ́, Jets mú un ní ipò kẹfà ní 2008. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn, kò gbé quarterback ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí mò ń bi àwọn ọmọ mi ni pé, nínú ìgbà mẹ́wàá tó o sáré, ẹ̀ẹ̀melòó lo dé ọ̀dọ̀ quarterback, tàbí tó o mú kó yẹsẹ̀ níbi tó dúró sí? Ìyẹn ni kí ẹ máa kà. Sack lè wá torí pé quarterback di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù, ó sì lè wá torí pé ẹlòmíì ló lé e wá. Ẹ rántí Michigan ní 2021: Aidan Hutchinson kó 14, David Ojabo kó 11. Tí ẹni méjì bá gbọ́dọ̀ dì mọ́ Hutchinson lápá kan, mélòó ló kù fún Ojabo lápá kejì? Mi ò sọ pé ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Mo ní kí ẹ béèrè ni.

Àbúrò Dallas:
Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, mo gbọ́, àmọ́ ẹ fẹ́ sọ ìṣirò di yẹ̀yẹ́. Terrell Suggs kó 24 ní Arizona State ní 2002. Nígbà tí wọ́n ní kó wá sáré fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò yá rárá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Ravens mú un ní ipò kẹwàá, ó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú 139. Elvis Dumervil ńkọ́? Ó kó 20 fún Louisville ní 2005, wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 11 ti kúrú jù, ìpele kẹrin ni Broncos ti rí i he. Ní 2009, sack 17, kò sẹ́ni tó ní tó o ní gbogbo NFL. Ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Kóòṣì, Maryland:
O ò jayò pa. Ṣùgbọ́n Dumervil yẹn, apá rẹ̀ gùn fún ẹni kúkurú, kíkúrú yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó rá wọlé lábẹ́ ọwọ́ àwọn gìrìpá tó dojú kọ ọ́. Ìṣirò rẹ̀ nídìí. Ìdí yẹn ni kí Bàbá Ìbejì máa wá.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Kóòṣì, mo fẹ́ jókòó wo fídíò wọn. Níbo gan-an ni kí ojú mi wà?

Kóòṣì, Maryland:
Ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ dá fídíò dúró gẹ́lẹ́ bí bọ́ọ̀lù bá ṣe kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló kọ́kọ́ gbéra? Tí tọmọ yẹn bá máa ń ṣáájú ti tackle (ẹni tó ń dáàbò bo quarterback) tó wà níwájú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ka eré 40 yáàdì tí wọ́n ń sá ní Indianapolis, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yẹ àwọn ọmọ wò, sí tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ń sá yáàdì 40 kó tó bá quarterback? Yáàdì 10 àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, àti èyí tí wọ́n ti ń sáré yí kóònù mẹ́ta po.

Ẹ wá wo ibi tó ti ń ṣẹ́ kọ́nà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rẹ èjìká ọwọ́ inú sílẹ̀, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọlọ́kadà tó ń yí ráńdábáọ̀tù po láì tẹ bíréèkì. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ gan á gba ẹ̀yìn quarterback kọjá lọ, bíi dánfó tó gbé èrò kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù.

Ọwọ́ ló kàn. Tackle á na ọwọ́ sí i láyà: ṣé ó gbá a dànù, àbí ó jẹ́ kó dì í mú? Tí ọwọ́ yẹn bá ti balẹ̀ láyà, ó ti parí. Mi ò fẹ́ràn ọmọ tó ní ọgbọ́n kan ṣoṣo, bó ti wù kí sack rẹ̀ pọ̀ tó. Ní yunifásítì, eré sísá nìkan lè gbé e. Ní NFL, kó tó di ìlàjì eré, tackle á ti mọ ibi tó ń gbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Èmi orúkọ ni mò ń wò ní tèmi. Azeez Ojulari: Giants mú un ní ipò 50 ní 2021, sack 8 lọ́dún àkọ́kọ́. Ọmọ wa ni.

Àbúrò Dallas:
Joe Tryon-Shoyinka ńkọ́? Draft kan náà, ipò 32, sack 4 péré. Ṣé òun kì í ṣe ọmọ wa ni?

Kóòṣì, Maryland:
Ẹ tún fi Adetomiwa Adebawore kún un. Ní 2023, ọmọ tó wọn pọ́n-ùn 282 sá 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49, gbogbo èèyàn la ẹnu sílẹ̀. Síbẹ̀, ìpele kẹrin ni Colts ti mú un, àárín ni wọ́n sì fi í sí. Ẹni tó wà láàárín, nínú èrò ló ti ń ja ìjà tirẹ̀. Torí náà, Bàbá Ìbejì, ẹ béèrè ibi tí ẹgbẹ́ máa fi ọmọ náà sí kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀.

Ìyá Tóbi, Atlanta:
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹsẹ̀ àwọn tó fara pa kọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Ojabo tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já lóṣù kẹta 2022, níbi tó ti ń ṣeré han àwọn tó fẹ́ mú un ní Michigan. Ravens ṣì mú un ní ipò 45, àmọ́ eré méjì péré ló rí gbá lọ́dún yẹn. Dayo Odeyingbo ti Vanderbilt náà, iṣan kan náà, oṣù kìíní 2021, ibi tó ti ń múra sílẹ̀ fún draft. Colts mú un ní ipò 54, 2023 ló tó kó 8. Iṣan yẹn máa ń san, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àkókò ẹni, agbára tí èèyàn fi ń ti ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló sì máa ń pẹ́ jù kó tó padà. Ẹgbẹ́ tó ní ọdún mẹ́rin níwájú lè dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ ọdún kan, ẹ máa wo orúkọ yẹn níran.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ìyá Tóbi, ẹ ṣé gan-an, àmọ́ kì í ṣe tẹ́tẹ́ o, ìdárayá ni 😀

Ìyá Tóbi, Atlanta:
Mo gbọ́. Ẹ sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì.

Àbúrò Dallas:
Ọmọ tó wá láti yunifásítì kékeré ńkọ́? Eastern Michigan ni Maxx Crosby ti wá, ìpele kẹrin ni Raiders mú un ní 2019, ó kó 10 lọ́dún àkọ́kọ́.

Kóòṣì, Maryland:
Wá eré tí wọ́n bá ilé ẹ̀kọ́ ńlá gbá. Ìyẹn nìkan tó.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Mo padà dé, lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo jókòó ti ọmọ kan tí mo ti ń fọkàn sí tẹ́lẹ̀, sack 12. Mo wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rin, quarterback fúnra rẹ̀ ló sá wọ inú apá rẹ̀. Nínú méjì, kò sẹ́ni tó dì í mú rárá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́ta jẹ́ ti eré kan ṣoṣo, tackle tó dojú kọ ọ́ ń tiro. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò.

Mo wá rí òmíì tó ní márùn-ún péré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbéra kí ti ẹlòmíì tó mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Mo dá a dúró, mo sún un, mo tún dá a dúró. Ìyá Ìbejì jáde láti yàrá, ó ní ẹsẹ̀ ọkùnrin wo ni mò ń wò láago kan òru.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bàbá, èló lẹ̀ ń dá níbẹ̀ gan-an?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ogún dọ́là.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ fi orúkọ mi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ọmọ tó ní márùn-ún yẹn?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Mi ò ní sọ.