Ẹ̀yin tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ irin, kí lẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ (Houston)

Ẹ kú ilé o. Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu.

Èmi àti ọmọ mi jọ ń wo Forged in Fire, ètò orí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n History tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: alágbẹ̀dẹ mẹ́rin ni wọ́n máa ń kó wá. Wọ́n á fún wọn ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n rọ ojú ọ̀bẹ, aago á máa sáré lójú wọn, wọ́n á máa dá wọn padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹni tí yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Ó dùn ún wò, n kò ní purọ́. Ọmọ mi ń pariwo bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ló bá bi mí pé, "Dádì, ṣé báyìí náà ni Bàbá yín àgbà ṣe máa ń sáré?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Bàbá wa, alágbẹ̀dẹ Ògbómọ̀ṣọ́! Àgbẹ̀ á gbé ọkọ́ wá láàárọ̀, Bàbá á ní, "Gbé e síbẹ̀, iná ò tíì dé ibi tí mo fẹ́." Àgbẹ̀ á jókòó sórí àpótí, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹni tó kú lánàá, kò sẹ́ni tó ń wo aago.

Ní 2009, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èmi ni mò ń fẹ́ ẹwìrì. Àwọn kan láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan (n kò ní dárúkọ wọn) gbé kámẹ́rà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwọn tó ń rọ ìbọn ìbílẹ̀. Bàbá ní ọkọ́ àti àdá lòun ń rọ. Bí ọdẹ bá gbé ṣakabùlà tó dẹnu kọlẹ̀ wá, òun lè bá a wò ó, àmọ́ kò sí ìbọn kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fajúro. Ọ̀gá wọn ní ṣé kò sí ọdẹ kan ládùúgbò tí àwọn lè yá tirẹ̀. Bàbá kò dá a lóhùn.

Wọ́n ní kó kúkú lu ohun tó bá wà lọ́wọ́. Bàbá fi ẹ̀mú fa àdá kan yọ nínú iná, ó pọ́n bí ẹyin iná, ó fi ọmọ owú lù ú bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Oníkámẹ́rà ní, "Bàbá, ẹ dúró ná, òòrùn ò jẹ́ kó hàn." Ó ń sún kámẹ́rà síhìn-ín, ó ń sún un sọ́hùn-ún, irin ti ń dúdú lọ. "Ó yá, Bàbá, ẹ tún un lù!"

Bàbá wo àdá, ó wo ọmọkùnrin náà. "Irin tó ti kú yìí? Bí mo bá lù ú báyìí, ó máa sán. Ṣé ìwọ lo máa san owó àdá olóko?"

Ọ̀gá wọn fẹ́ fi ọgbọ́n gbà á: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀."

"Irin gbígbóná ni a sọ."

Ó ti àdá padà sínú iná, ó yíjú sí mi: "Fẹ́ná." Gbogbo wa wá dúró. Mò ń fẹ́, òógùn ń ro tótó, àwọn ń wo aago ọwọ́ wọn.

Lójú tèmi, ìdúró yẹn ni iṣẹ́ náà. Lílù, ẹni tó bá ti lápá lè lù. Mímọ̀ pé irin ti pé, ọdún bíi mélòó ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni tẹlifíṣọ̀n máa ń gé dànù.

Ará Dallas

Ìwọ ṣì ń sọ ti àdá. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń tún ìbọn ṣe níbí, àárín ìgbà yẹn sì ni ìkànnì Discovery gbé Sons of Guns àti American Guns, ètò nípa ṣọ́ọ̀bù ìbọn, jáde, ní 2011. A rí màbo! Oníbàárà á wọlé lọ́jọ́ Ajé, á ní kí ìbọn òun ti ṣe tán lọ́jọ́ Ẹtì, torí ohun tó rí lálẹ́ àná: wọ́n jà, nǹkan bú gbàù, ìbọn tuntun sì ti jáde kí wọ́n tó polówó ọjà lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ tèmi ńkọ́? Mò ń ha ìpẹtà. Mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wá sípíríǹgì tó já bọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo sì ń kọ ìwé. Ìbọn tó bá sun ọ̀dọ̀ wa mọ́jú gbọ́dọ̀ wọ ìwé: ta ló gbé e wá, nọ́ńbà ara rẹ̀, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ. Bí àwọn ATF, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, bá dé, ìwé yẹn ni wọ́n ń béèrè. Ta ló fẹ́ wo èèyàn tó ń kọ̀wé lórí tẹlifíṣọ̀n? Ẹ wá wò ó, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù American Guns, ní Wheat Ridge ní Colorado, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2017 pé ó ń ta ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ọ̀gá mi fi ìròyìn ọ̀hún ránṣẹ́ sí mi, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ rọra. Tẹlifíṣọ̀n ṣe mí lóore ní tèmi.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ní Ìlá Ọ̀ràngún. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀mú wọn nìkan ni mo mú. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n tú báàgì mi, wọ́n ní kí nìyí, mo ní ohun tí bàbá mi fi ń mú iná ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti ọdún náà. Àfi ìgbà tí àwọn ìbejì wo The Repair Shop ti BBC, tí wọ́n ń ṣe nínú abà àtijọ́ kan ní West Sussex. Èèyàn á gbé aago bàbá rẹ̀ tó bàjẹ́ wá, wọ́n á fara balẹ̀ tún un ṣe. Kẹ́yìndé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, ó fa ẹ̀mú jáde, ó ní, "Mọ́mì, èyí kò bàjẹ́, kí ló dé tí a kò lò ó?"

Ẹkún inú ètò náà ló kàn pọ̀ jù. Bí dùùrù bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ nu ojú.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, ṣé wọ́n gbé ti Bàbá yín jáde ṣá?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ (Houston)

Wọ́n gbé e jáde, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Ilé aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ la ti wò ó, èrò kún inú pálọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi ìlù sí i, wọ́n ní Bàbá ń rọ ohun ìjà, wọ́n ń fi ìbọn kan hàn tí àwa ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Iná ń jó lala, kò sẹ́nì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gé mi kúrò. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá wò ó tán, ó ní, "Ta ló wá ń fẹ́ná yẹn?"