Ayétíká, ẹlẹ́yìn dídí, adínriwo: àwọn ọ̀rọ̀ tí olùrà hẹ́dífóònù nílò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé àlàyé ọjà fún oníṣòwò kan: kí ni Yorùbá yóò máa pe hẹ́dífóònù tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "closed-back over-ear" (ó bo gbogbo etí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní ihò), èyí tí èèyàn lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kó tún fi gbọ́ orin lálẹ́? Ìdáhùn ti pọ̀. Ẹnìkan mú adétí wá, ẹlòmíràn mú apariwo, ẹ̀gbọ́n wa kan sì mú ẹlẹ́yìn títì. Àwọn kan ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé hẹ́dífóònù ti tó.

Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí lórí orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀. Hẹ́dífóònù ti wọlé, ó ti jókòó, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo díẹ̀ fún ìwé lè lo agbóhùnsétí, nítorí a ti ní agbóhùnsáfẹ́fẹ́, bákan náà ni a ṣe ṣẹ̀dá wọn. Ibi tí n kò ti gbà ni pé iṣẹ́ parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò ní ni èyí tó ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ hẹ́dífóònù fún iṣẹ́. Èyí tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé ẹni tó gbọ́ ọ lè gbé ọjà náà lọ́wọ́, kó sì mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́? Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa wáyà inú rẹ̀. Ohun tí olùgbọ́ ń bá pàdé ni wọ́n sọ: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì.

Ẹ jẹ́ ká fi adétí sórí òṣùwọ̀n yìí. Dé tí a fi ń dé fìlà ló wà lọ́kàn ẹni tó dá a, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tún máa ń dé etí ìgbọ́ ẹni, dé mìíràn sì nìyẹn. Bí a bá sá fún dé, tí a sá lọ bá dí, adití ni yóò já sí, èyí tí a ti fi ń pe ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, adétí kò sọ bí nǹkan náà ṣe wà lórí etí. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí tìmùtìmù rẹ̀ ń tẹ etí fúnra rẹ̀. Tó bá pẹ́ lórí, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Èkejì wà tí gbogbo etí ń rì sínú igbá rẹ̀, tí tìmùtìmù sì ń fara ti eegun tó yí etí ká. Mo dábàá abàlétí fún ti àkọ́kọ́, nítorí ńṣe ló bà lé etí, àti ayétíká fún ìkejì, èyí tó yí etí ká. Ẹ gbé e sórí: bí tìmùtìmù bá tẹ etí níbikíbi, abàlétí ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Mo fẹ́ràn ká tó wà nínú ayétíká, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí òrùka tìmùtìmù náà bá yí etí ká láìsí àlàfo, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró síbi tó yẹ, ariwo ìta kò sì ní rọ́nà wọlé. Apá awò ojú lè já òrùka yẹn. Yẹtí ńlá lè já a, irun dídì tó nípọn náà lè já a. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé hẹ́dífóònù wọn kò ní báàsì, ibẹ̀ ni báàsì náà ti ń jò lọ. Ẹni tó ń lo awò, kó gbé awò rẹ̀ sójú nígbà tó bá ń dán ọjà wò.

Ó kan ẹ̀yìn wàyí, ìyẹn ara igbá tó kọjú sí ìta. Ẹ̀gbọ́n tó mú ẹlẹ́yìn títì wá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n tì kò bá a mu. Ohun tó ṣe é ṣí la máa ń tì: ilẹ̀kùn, fèrèsé, àpótí. Olùrà á máa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Dídé náà ní ìṣòro yẹn, nítorí ìdérí ṣe é gbé kúrò. Dídí ni mo fara mọ́: kò sí ihò, kò sí ibi tí nǹkan lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí àmì ohùn má sọnù lórí ẹlẹ́yìn, kó má lọ di ẹlẹ́yin tó ń ta ẹyin.

Fún òdìkejì rẹ̀, ẹnìkan ní ẹlẹ́yìn ṣíṣí. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ajere wà nílé. Gbogbo wa la mọ ohun tó lu bí ajere, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ẹ̀yìn irú hẹ́dífóònù yìí lu: ohùn ń gba ibẹ̀ jáde, ariwo ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹlẹ́yìn ajere ni mo máa kọ. Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni ìṣòro orúkọ yìí bá. Hẹ́dífóònù DT 48 tí ilé iṣẹ́ Beyer ṣe ní Berlin ní 1937, ẹlẹ́yìn dídí ni, kò sì sẹ́ni tó nílò láti pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Sennheiser gbé HD 414 oníhò jáde ní 1968 ni ti àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nílò orúkọ tó máa yà á sọ́tọ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn, ẹlẹ́yìn dídí ló yẹ ẹ́. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń da ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ sínú ìwé, tàbí tó ń ṣàtúnṣe ohùn fún rédíò: ohun tó ń gbọ́ kò gbọdọ̀ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó yí i ká kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ohun tó ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Sony MDR-7506, tó jáde ní 1991, fi wà lórí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títí di òní. Ẹ̀yìn dídí tún ń dáàbò bo etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n sí desibẹ́ẹ̀lì 80 (òun la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ẹni tí ariwo ìta bá sì ń wọlé sí létí á máa yí ohùn sókè láti borí rẹ̀.

Dídí náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Orin inú rẹ̀ kì í fẹ̀ bíi ti ajere, etí a sì máa gbóná. Níbi tí ooru wà bíi tiwa, ó yẹ kí olùrà lè béèrè irú tìmùtìmù tó ní, a sì ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́: àrán. Tìmùtìmù àrán ló wà lára àwọn DT 770 Pro kan, hẹ́dífóònù ilé iṣẹ́ Beyer náà, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ti awọ máa ń dí ariwo jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ni làágùn.

Apariwo, tí wọ́n mú wá fún hẹ́dífóònù tó ń fi ẹ̀rọ gbógun ti ariwo ìta ("noise-cancelling" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ló ká mi lára jù. Ẹni tó dá a rò ó pé ká pa ariwo bí a ṣe ń pa iná. Ṣùgbọ́n pa ariwo ti di pariwo látọjọ́ pípẹ́, kíké ni ìtumọ̀ rẹ̀. Apariwo á jẹ́ ohun tó ń ké, òdìkejì ohun tí a fẹ́ tà. Mo dábàá adínriwo, bí dín owó ṣe fún wa ní ẹ̀dínwó. Dín tún sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Inú bàálù ni Amar Bose, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Bose sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa irú rẹ̀ ní 1978: máíkì kéékèèké ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ sì ń dá ìgbì ohùn tó ta kò ó sílẹ̀, kí méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Kì í pa á rẹ́ tán. Ìró tó ń dún lọ láìyípadà ló mọ̀ ọ́n mú, bíi ti ẹ́ńjìnnì bàálù tàbí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ṣì máa yọ́ wọlé. Bátìrì ló sì ń lò, nígbà tí ẹ̀yìn dídí kò nílò iná kankan. Hẹ́dífóònù kan lè jẹ́ méjèèjì, àmọ́ ẹni tó san owó adínriwo kò gbọdọ̀ gbé ẹlẹ́yìn dídí lásán relé.

Ohm, ìwọ̀n bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó ń wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nọ́ńbà ni olùrà nílò níbẹ̀. ATH-M50x ti Audio-Technica jẹ́ 38, MDR-7506 jẹ́ 63, fóònù á gbé wọn. DT 770 Pro wà ní 32, 80 àti 250. Ẹni tó bá so oní-250 mọ́ fóònù á rí i pé ohùn rẹ̀ kò jáde tó.

Bí mo ṣe máa kọ ìlà kan nínú ìwé ọjà náà rèé, fún ATH-M50x: hẹ́dífóònù ayétíká, ẹlẹ́yìn dídí, tìmùtìmù awọ àtọwọ́dá, wáyà tó ṣe é yọ, ohm 38, kò ní máíkì, kì í ṣe adínriwo.

Ibi tí mo ti ń wá ìrànlọ́wọ́ yín ni bí tìmùtìmù ṣe ń bá orí mu láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ ni mo ti ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ló ń mú wá sọ́kàn. Ó yẹ kí àwọn amọ̀kòkò ní ọ̀rọ̀ fún ibi tí ìdérí ti bá ẹnu ìkòkò mu gẹ́gẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n.