Báwo ni ife ẹ̀yẹ líìgì Bràsíl ti ọdún 2023 ṣe bọ́ mọ́ Botafogo lọ́wọ́?

Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè mi dá lé líìgì àgbà orílẹ̀-èdè Bràsíl ti ọdún 2023. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 àkọ́kọ́, Botafogo ti ìlú Rio de Janeiro kó àmì 47 jọ, iye kan náà tí Corinthians kó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2017, Corinthians sì gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ti Botafogo náà ti parí, nítorí pé ìgbà kan wà tí wọ́n fi àmì tó lé ní 10 ṣíwájú ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1995 ni wọ́n ti gba ife náà kẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 pé, ipò karùn-ún ni wọ́n wà pẹ̀lú àmì 64, Palmeiras ti São Paulo ló sì gbé ife pẹ̀lú àmì 70. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, tí Palmeiras fi 4-3 borí wọn lẹ́yìn tí Botafogo ti fi 3-0 ṣíwájú, ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo gba ife lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Àgbà Òǹwòran:
Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé. Luís Castro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọmọ orílẹ̀-èdè Potogí, fi wọ́n sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà, ó gba ẹgbẹ́ Al Nassr lọ ní Saudi Arabia. Eré tí ó kọ́ wọn kò ní wàhálà nínú: wọn yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì máa gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, àwọn adilémú wọn yóò sún mọ́ ara wọn, bí bọ́ọ̀lù bá sì ti bọ́ sọ́dọ̀ wọn, kíá ni wọn yóò gbé e síwájú fún atamátàsé wọn, Tiquinho Soares. Lẹ́yìn rẹ̀, Cláudio Caçapa dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bruno Lage dé ní oṣù keje, ó fi Tiquinho sórí bẹ́ǹṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ti ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Goiás, wọ́n sì lé e lọ lọ́jọ́ kejì. Lúcio Flávio gbà á, Tiago Nunes tún gbà á ní oṣù kọkànlá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá márùn-ún láàárín líìgì kan! Ẹgbẹ́ tí kò mọ ohùn ẹni tí òun yóò tẹ̀ lé, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń ṣọ́ góòlù mẹ́ta?

Oníṣirò:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà Òǹwòran, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò alẹ́ yẹn dáadáa, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kò bá tábìlì líìgì mu. Ní pápá ìṣeré Nilton Santos, Eduardo, Tchê Tchê àti Júnior Santos ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé fún Botafogo kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Lẹ́yìn ìsinmi, Endrick ti Palmeiras, ọmọ ọdún 17, dá ọ̀kan padà, rẹfirí sì fi káàdì pupa lé Adryelson ti Botafogo jáde. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, Botafogo rí pẹnáritì gbà nígbà tí ayò ṣì wà ní 3-1. Tiquinho gbá a, Weverton, aṣọ́lé Palmeiras, lé e dànù. Kíá ni Endrick gbá èkejì wọlé, Flaco López gbá ẹ̀kẹta, Murilo sì gbá ẹ̀kẹrin ní àfikún àkókò. Ó dunni wọ akínyẹmí ara.

Àmì mẹ́ta ni ẹgbẹ́ tó bá borí ń gbà, ọ̀kan ni ti ọ̀mì. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n di 3-0 yẹn mú, tí gbogbo ìyókù sì rí bí ó ṣe rí, àmì 67 ni Botafogo ìbá ní, àmì 67 náà ni Palmeiras ìbá ní, ife ìbá sì lọ sọ́dọ̀ Grêmio tí ó parí pẹ̀lú àmì 68! Grêmio ti Porto Alegre yìí kan náà ló wà ní ìpele kejì ní ọdún 2022. Alẹ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀ ni ti ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, ní pápá São Januário, níbi tí Botafogo ti ń fi 3-1 ṣíwájú Grêmio, tí Luis Suárez, ẹni ọdún 36, fi góòlù mẹ́ta yí i padà sí 4-3. Ká ní Botafogo borí ní alẹ́ méjèèjì, àmì 70 ni wọn ìbá ní, Palmeiras ìbá wà ní 67, Grêmio ní 65. Alẹ́ méjèèjì papọ̀ ló gba ife náà. Ọ̀kan nínú wọn kò tó.

Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù:
Ẹ ṣeun gan-an, Oníṣirò. N kò ronú kan Grêmio rárá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan.

Ọmọ Èkó ní Salvador:
Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀mì márùn-ún àti ìpàdánù kan ni wọ́n rí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ wo èyí tí wọ́n gbá pẹ̀lú Coritiba, ẹgbẹ́ tí ó ti mọ̀ pé òun ń lọ sí ìpele kejì: Tiquinho gbá pẹnáritì wọlé ní àfikún àkókò, inú gbogbo wọn dùn, Coritiba sì dá a padà kí rẹfirí tó fun fèrè. Ẹgbẹ́ Santos náà dá góòlù padà sí wọn lára ní ìparí eré, 1-1. Àmì mẹ́rin lọ báyìí ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmì yẹn kò sì gba Santos là. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, Fortaleza fi 2-1 borí wọn nílé wọn, ẹgbẹ́ Pelé sì lọ sí ìpele kejì fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí Bahia, ẹgbẹ́ tiwa níbí, lu Atlético Mineiro ní 4-1 tí ó sì bọ́ lọ́wọ́ lílọ sí ìpele kejì.

Ní ti Botafogo, àmì 79 ni wọ́n fi gba líìgì ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ fi 3-1 borí Palmeiras ní São Paulo ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, wọ́n sì gba Copa Libertadores, ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Amẹ́ríkà, mọ́ ọn. Tiquinho àti Júnior Santos ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àgbà Òǹwòran, èyí gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀: akọ́nimọ̀ọ́gbá Artur Jorge, tí ó dé ní oṣù kẹrin, ló wà níbẹ̀ títí líìgì fi parí.