Ẹ̀bùn wo ló yẹ ọmọkùnrin tó ń jó ballet, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí eré rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Àǹtí Adó (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 13, tó ti ń kọ́ ballet, ijó orí ìtàgé àwọn Òyìnbó, láti kékeré. Nínú oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ ijó wọn yóò ṣe eré The Nutcracker, òun ni wọ́n sì yàn láti ṣe Fritz, ọmọkùnrin alágídí tó fọ́ ère onígi tí wọ́n fi ta arábìnrin rẹ̀ lọ́rẹ. Ìdílé wa yóò gbéra láti Adó lọ wò ó ní alẹ́ àkọ́kọ́, a kò sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo.

Bàbá wa, tí í ṣe bàbá àgbà ọmọ náà, ti sọ pé òun yóò lọ pààrọ̀ owó sí tuntun, tí ọmọ náà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, òun yóò dìde lọ bá a lórí ìtàgé láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, bí a ti ń ṣe lóde ìnáwó. Èmi ní tèmi ń ronú bàtà ballet aláwọ̀ pínkì onírìbọ́ọ̀nù tí mo máa ń rí nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹbí ń kùn pé ijó obìnrin ni, mo sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ta sí ọmọ náà létí rí, nítorí náà n kò fẹ́ mú ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ lọ. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju ₦20,000 lọ. Kí ni ẹ̀yin ìbá rà, ìgbà wo ni ẹ ó sì gbé e lé e lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́ Ijó (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra bàtà rárá. Èyí tí ẹ rí nínú àwòrán, tí orí rẹ̀ le gbandi, tó sì ní rìbọ́ọ̀nù, àwọn obìnrin ló sábà máa ń wọ̀ ọ́ láti fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ rírọ̀ ni àwọn ọkùnrin ń wọ̀, awọ tàbí kánfáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tímọ́tímọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, débi pé olùkọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ìwọ̀n tó bá a mu. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣà yàn fún ọlọ́mọ. Ẹgbẹ́ mìíràn ń lo dúdú, òmíràn ń lo funfun, àwọn kan sì fẹ́ kó bá àwọ̀ ara oníjó mu. Ẹgbẹ́ Dance Theatre of Harlem, tí Arthur Mitchell dá sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ ní New York ní ọdún 1969, ló sọ èyí tó kẹ́yìn yìí di mímọ̀, nítorí pé wọ́n ń pa bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn wọn láró kí ó lè bá ara dúdú mu.

Ohun tí oníjó ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ rà: báàgì tó lágbára tí yóò máa kó aṣọ ìdánrawò sí, táwẹ́lì kékeré, ike omi, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn tí yóò fi mú ẹsẹ̀ gbóná kó tó jó, àti rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń na iṣan ẹsẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́, òwú àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí inú àpò kékeré kan fún un pẹ̀lú, nítorí pé àwọn oníjó ló sábà ń rán rọ́bà mọ́ bàtà wọn fúnra wọn, inú ọmọ ọdún 13 yóò sì dùn pé a kà á sí ẹni tó lè tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀.

Bí ìyá àgbà rẹ̀ bá fẹ́ fi òrí ránṣẹ́, ohun tó dára ni, gìgísẹ̀ tó ti sán yóò mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún un pé alẹ́, lẹ́yìn ijó, ni kó máa fi pa ẹsẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni wọ́n sábà máa ń gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sí, tí oje igi páìnì gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn oníjó á sì fi ìsàlẹ̀ bàtà wọn tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ má baà yọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ ṣáájú eré ti sọ ètò yẹn di asán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa yọ̀ nínú bàtà.

Ìdáhùn: Ọmọ Agbẹ́gilére (Ìsẹ̀-Èkìtì)

Mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́, ṣùgbọ́n báàgì àti táwẹ́lì yóò gbó dànù. Alẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ lásán, ó yẹ kí ohun kan wà tí ọmọ náà yóò fi í rántí nígbà tó bá dàgbà. Eré yẹn fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní St Petersburg ní oṣù Kejìlá ọdún 1892, dá lé orí ère ọmọ ogun onígi tí ń fi ẹnu pa èso oníkarawun bí ìgbà tí a bá ń pa èkùrọ́. Ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún àwọn tó jó nínú eré náà nílẹ̀ òkèèrè ni irú ère bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ Èkìtì yóò fi gba èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe? Ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére olókìkí nì, ti gbẹ́ igi fún àwọn ọba, Arinjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ àti Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ni ilẹ̀ wa. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ hàn nílùú London ní ọdún 1924, inú British Museum ló sì wà títí di òní.

Ẹ wá agbẹ́gilére kan tó wà nítòsí yín, kí ó gbẹ́ ọmọ ogun kékeré tí kò ga ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, kó dé fìlà abetí ajá fún un, kó sì kọ orúkọ ọmọ náà àti ọdún sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ó di oṣù Kejìlá kí ẹ tó lọ bá a. Bí igi bá ṣì tutù nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ọyẹ́ yóò là á láti orí dé ìdí kí ọdún tuntun tó dé. Ẹ sọ fún un pé igi tó ti gbẹ nínú ilé ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì dúnàá-dúràá dáadáa kí owó yín lè ká a.

Ìdáhùn: Ìyá Olóyè (Ìfàkì-Èkìtì)

Ọ̀rọ̀ bàbá ló jẹ mí lógún jù. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka níná owó náírà lé ènìyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Yàtọ̀ sí ti òfin, owó tó bá bọ́ sílẹ̀ lórí ìtàgé lè yọ̀ ọmọ tó ń fò sókè tó sì ń yí lójú òfurufú. Nítorí náà, kí bàbá fi owó náà sínú àpòòwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìdùnnú lọ́wọ́ àgbàlagbà kí ẹ má fi nǹkan dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ka oríkì ọmọ náà àti oríkì ìdílé yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kí ẹ̀ka èdè Èkìtì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi káàdì tó dára gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí bàbá nísàlẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀bùn yìí ju ère àti báàgì lọ, nítorí pé ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé ijó obìnrin ló ń jó nílò láti rí i kà pé bàbá bàbá òun fi òun yangàn.

Àwọn tó ń kùn yẹn kò mọ ìtàn. Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, jó ballet níwájú àwọn ará ààfin rẹ̀ ní ọdún 1653 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó sì di ọdún 1681 kí àwọn obìnrin tó fi ijó náà ṣe iṣẹ́ tó kọ́kọ́ jó lórí ìtàgé ńlá ti Paris. Nílẹ̀ wa níbí, Anthony Mmesoma Madu, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ijó Leap of Dance ní Ajangbadi ní Èkó, ṣì kéré nígbà tí gbogbo ayé rí fídíò rẹ̀ ní ọdún 2020 bó ti ń jó láìwọ bàtà nínú òjò. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti lọ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ ijó náà.

Àǹtí Adó (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò san án fún yín. Bàbá ti gbà láti ka oríkì, mo sì ti gbọ́ nípa agbẹ́gilére kan tí n ó lọ bá. Ohun kan ló kù: bàbá fẹ́ wọlé lọ bá ọmọ náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó lè gbé ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́, kó sì súre fún un. Ṣé èyí dára?

Ìdáhùn: Olùkọ́ Ijó (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Rárá, ẹ má ṣe é. Ní wákàtí tó ṣáájú eré, ọmọ náà yóò máa mú ara gbóná, wọn yóò máa kun ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà lórí ìṣísẹ̀ rẹ̀. Àlejò tó bá wọlé lákòókò yẹn, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ tó, yóò mú ara rẹ̀ tutù ni. Kí bàbá súre fún un lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kó ẹ̀bùn yòókù pa mọ́ sọ́dọ̀ yín títí wọn yóò fi fa aṣọ ìkélé ìtàgé dé lẹ́yìn eré, tí àwọn oníjó yóò sì jáde sí àwọn ẹbí wọn. Bàbá ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fún un ní tirẹ̀, kí ẹ̀yin yòókù tó tẹ̀ lé e. Ẹ sì mú oúnjẹ dání, nítorí pé ebi yóò ti máa pa á gidigidi.