Ṣé kí n fi tipátipá gbé kọ̀ǹpútà ilé wa lọ sí Windows 11?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Desktop kan wà nílé wa ní Àkúrẹ́ níbí, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Core i5 tó ti pẹ́ díẹ̀ (6th gen), RAM 8GB. Mọ́mì ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà wọn lórí ẹ̀, àbúrò mi sì ń fi CorelDraw ya káàdì ìpè òkú àti ìgbéyàwó, ibẹ̀ lowó ti ń wọlé. Àtìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní October 2025 ló ti ń gbé ìkìlọ̀ jáde ṣáá pé ká lọ ra tuntun. Owó dà?

Mo ti fi PC Health Check (app Microsoft tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ lè gba Windows 11) yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní processor ẹ̀ ò bá a mu, mo wọnú BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) lọ tan TPM (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), version 1.2 ló gbé jáde, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni wọ́n ń bèèrè. Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ọ́jà Ọba ní òun máa fi Rufus (app tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí flash) gbé Windows 11 sórí flash, á wọlé tipátipá, kò séwu. Ẹlòmíì ní kí n fi Linux Mint (ètò míì tí wọ́n ń lò dípò Windows) sí i, CorelDraw tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux fúnra ẹ̀ ńkọ́? Àbúrò mi á lé mi jáde nílé ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi Windows 11 sórí irú ẹ̀rọ àtijọ́ báyìí, ṣé update ṣì ń wọlé fún yín déédéé, àbí kí n kúkú fi Windows 10 sílẹ̀ bó ṣe wà?